Ìgúnpá Mi àti Àpáta Pupa

Ọjọ́ kẹta, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Dókítà ní n kò gbọdọ̀ gbé apá ọ̀tún mi kọjá èjìká mọ́ láéláé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Iṣan èjìká ti fà ya, kò sì ní so padà lọ́jọ́ orí mi. Mo bi í pé báwo ni mo ṣe máa ju okùn ìpẹja. Ó ní, "Ẹ ti ṣe tó, Ọ̀gbẹ́ni Geddes. Ẹ jẹ́ kí àwọn mìíràn náà ṣe é." Ọmọ tí n bá bí lábíkẹ́yìn ni o! Ká ní èjìká ò dùn mí ni, ǹ bá gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú kí gbogbo fèrèsé ilé ìwòsàn mì.

Yìnyín ti ga dé orúnkún lẹ́nu ọ̀nà. Àpò èédú kan ti di pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógún. Netta ìyàwó mi se ọbẹ̀ bálì, n ò jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ kẹfà

Dod Innes wá kí mi. Gílì bíi tèmi ni. Òun ló ń mú àwọn olówó lọ pẹja sámọ́nì ní ìsàlẹ̀ odò Spey, èmi ń mú wọn lókè, a sì ti jọ wà lẹ́nu ẹ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí àwa méjèèjì. Ó fi ọdún méjì kéré sí mi, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Kò tíì bọ́ fìlà tó ti ń wo ife onígi elétí méjì tó wà lórí pẹpẹ ìdáná.

"Wattie, ta ló ń bá ẹ nu nǹkan yìí?"

"Netta ni. Kí ló dé?"

"Kò sí o, mo kàn ní kí n bèèrè ni. Ìyàwó mi ní òróró kan tó dáa fún igi àtijọ́."

"Gbé òróró ẹ lọ."

"Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Gílì tó dàgbà jù, tí okùn ẹ̀ ṣì ń kan Àpáta Pupa lódìkejì odò, òun ló ń da wisikí sómi, òun ló sì ń ju okùn àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí odò fún ìpẹja. Ọdún tí okùn ò bá kan àpáta, olúwa ẹ̀ á gbé ife fún ẹni tó tẹ̀ lé e, á sì máa lọ sílé."

Bí ẹni pé n ò mọ̀. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti gba ife yẹn. Inú oṣù Èrèlé ló gbé e fún mi. Kí wọ́n tó kórè bálì ọdún náà, ó ti di ẹni tó ń jókòó kọjú sí ògiri láàárọ̀ dalẹ́. Ikú nìkan ló kù tí kò tíì ṣe.

Netta fún Dod ní tíì àti bisikí. Mo tẹjú mọ́ ọn títí tó fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ kẹjọ

Netta ti pe Rhona lẹ́yìn mi. Odò kan ní Norway ni ọmọ wa obìnrin ti ń ṣe gílì láti ọdún mọ́kànlá, torí pé nígbà tó fẹ́ ṣe é níbí, àwọn tó ni odò ní àwọn ò gba obìnrin. Ó ti gbàyè, ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú tán kí n tó gbọ́.

"Kí ló fẹ́ wá ṣe?" ni mo bi Netta.

"Ó fẹ́ wá wo bàbá ẹ̀."

"Ṣé wọ́n ní mo ti kú ni?"

"Ìwọ ò tíì kú, Bàbá Rhona. Èmi tí mò ń gbọ́ èébú láti àárọ̀ ni ikú ń pa."

N ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò jọ pé ó dùn ún.

Ọjọ́ kejìlá

Rhona dé. Ó dì mọ́ ajá wa kó tó kí èmi bàbá rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ wá nínú àpò, ọ̀pá kúkúrú. Mo wò ó. Ìdí oúnjẹ ni mo ti wá sọ tinú mi.

Mo ní, "Ṣé kò rẹ̀ ẹ́ láti máa fi nǹkan yẹn lé eṣinṣin?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ju okùn fọ́jọ́ díẹ̀. Ọ̀nà tí mò ń gbà ju okùn yìí ò gba pé kéèyàn gbé apá sókè. Ẹ ṣì lè kan Àpáta Pupa."

"Apá kúkúrú?"

"Apá kúkúrú ni, Bàbá."

Mo dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Ẹran àti ọ̀dùnkún ni, ó dùn, mo sì dìde síbẹ̀.

Kí n kọ ọ́ síbí kí n lè sùn. Ọ̀nà tiwa lápá ibí yìí, apá méjèèjì lèèyàn á fi gbé ọ̀pá gígùn sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ á fi kọjá iwájú orí. Á yí ara, á fa okùn yípo, á jẹ́ kí etí okùn fẹnu kan omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, á wá ti apá méjèèjì síwájú títí wọ́n á fi nà tán. Okùn gígùn á ròkè, á kọjá odò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn máa ń dúró lórí afárá wò wá. Ọ̀nà tiwọn ní Norway, apá kúkúrú yẹn, ńkọ́? Ìgúnpá á lẹ̀ mọ́ ìhà. Ọwọ́ òkè á kàn jókòó síbẹ̀ lásán, ọwọ́ ìsàlẹ̀ á fa ìdí ọ̀pá wá sí ìdodo. Okùn wọn kúrú, ó nípọn lórí; wọ́n á ká ìyókù rẹ̀ dání, ìyẹn á wá sáré tẹ̀ lé e. Ẹni tí inú ń run ni wọ́n máa ń jọ. Èmi àti Dod ti fi rẹ́rìn-ín nínú ahéré ẹ̀bá odò fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa di ikùn mú, a máa ké "Yéè, inú mi o!"

Ohun tí ọmọ mi wá bá mi sọ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹtàlá

Òtútù. Mo gbìyànjú láti gbé kẹ́tùlù sórí iná pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. N ò lè gbé e. Netta rí mi, ó ṣe bí ẹni pé kò rí mi. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo gbà. N ò gbà tayọ̀tayọ̀.

Èmi àti Rhona lọ sí adágún ilé ìpọntí, nítorí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ na ọ̀pá lórí odò kí ọjọ́ ìṣíde tó pé. Ó so òwú pupa sẹ́nu okùn dípò ìwọ̀. Mo ní òwú, ti ọmọdé ni. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ máa ń so ó fún àwọn olówó yín, Bàbá." Mo gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ju okùn, apá mi á fẹ́ gòkè fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ayé mi ló fi kọ́ ọ. Èjìká á sì ké, èmi náà á ké. Okùn ń já bọ́ sẹ́sẹ̀ mi bí ìfun ẹran. Ìgbà tó yá, Rhona yọ nǹkan kan nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó kì í bọ abẹ́ ìgúnpá mi.

Ìwé Sáàmù ni. Ìwé Sáàmù wa, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí mo máa ń kì bọ abẹ́ ìgúnpá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ kékeré, tí mò ń fi ọ̀pá ẹja tíróòtù kọ́ ọ lórí koríko iwájú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe kọ́ èmi náà. Èèyàn tí kò bá lè di ìwé mú, kò tíì lè di ọ̀pá mú.

"Ẹ rántí nǹkan tẹ́ ẹ máa ń sọ?" ló bi mí.

"N ò rántí."

"Bí Dáfídì bá já bọ́, kò sí ọ̀dùnkún lálẹ́."

"Ọ̀pá kékeré nìyẹn wà fún! Ti ẹja tíróòtù! Ta ló ń lẹ ìgúnpá mọ́ ìhà pa sámọ́nì?"

"Èmi ni," ló sọ. "Mo pa púpọ̀."

Dáfídì já bọ́ sínú yìnyín ní gbogbo ọ̀sán. A dé ilé, Rhona ròyìn fún ìyá rẹ̀, Netta sì gbé àwo ọ̀dùnkún kúrò níwájú mi. Àwọn méjèèjì rò pé eré ni. Búrẹ́dì ni mo jẹ.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ìjà lónìí, nítorí ọwọ́ òsì mi.

Ayùn ilé ìlagi gé ìka méjì lọ níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ọwọ́ yẹn kò lè di ọ̀pá mú lókè. Ìdí ọ̀pá ló máa ń gbé lọ́wọ́, kó kàn fara tì í, ọ̀tún á ṣe iṣẹ́. Inú àpò ni mo máa ń fi í sí tí mo bá wà láàárín èèyàn. Rhona wá ní ọwọ́ òsì yẹn gan-an ni kó máa ṣe iṣẹ́.

"Ọ̀tún kàn máa di ọ̀pá mú jẹ́ẹ́ ni, bí ẹni di ẹyin. Òsì lẹ máa fi fà á wá sí ìdodo. Kíákíá, kí ó sì kúrú."

"Pẹ̀lú ìka mẹ́ta?"

"Pẹ̀lú ìka mẹ́ta."

"O ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bàbá, kí ni màá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ fún nínú òtútù yìí?"

Mo ju ọ̀pá sílẹ̀, mo rìn lọ sílé. Netta ń gbálẹ̀. Mo ro ẹjọ́ mi fún un, mo rò pé ó máa gbè mí. Kò tilẹ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró.

"Ọwọ́ wo lo fi ń fa okùn ayùn ẹ̀rọ ẹ láràárọ̀, tí gbogbo àdúgbò fi ń jí?"

Òsì ni. Ọ̀tún ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òsì ló ń fà.

"Ìgbà tó o bá fẹ́ gé igi, o ò rántí pé ìka ò pé," ni Netta wí, ó sì gbá erùpẹ̀ jáde.

Ọjọ́ ogún

Mo lọ sí adágún. Mo fa okùn bí mo ṣe ń fa ti ayùn. Òwú náà lọ jìnnà ju ti ìjẹta lọ. Rhona fẹ́ pàtẹ́wọ́, mo ní kó má dán an wò.

Ọjọ́ kejìlélógún

Dod gba ẹ̀gbẹ́ adágún kọjá, ó ní òun ń bọ̀ láti ìdí ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó gbà á débẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ògiri, ó wò mí dáadáa, pẹ̀lú Ìwé Sáàmù lábẹ́ ìgúnpá. Ó wá di ikùn rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Wattie! Ṣé inú ń run ẹ́ ni?"

Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Ọ̀rẹ́ mi, mi ò bínú sí ẹ o. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ gbé irú èyí wá sí Ibú Àpáta lọ́jọ́ ìṣíde níwájú gbogbo gílì, kó o yáa gbé ife fún mi níbí, kí ojú má tì ẹ́ lójúde."

"Òfin ní kí okùn kan àpáta. Kò sọ bí apá ṣe máa wà."

"Kò sọ ọ́ torí pé kò sẹ́ni tó rò pé ẹnì kan lè ju okùn bẹ́ẹ̀!"

Rhona wà níbẹ̀. Kò bá wa dá sí i. Lójú ọ̀nà mo ní kó sọ nǹkan kan, ó ní kí lòun fẹ́ sọ.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Kí n kọ èyí kíákíá, etí ń ro mí.

Kí wọ́n tó jí, mo gbé ọ̀pá mi gígùn, okùn gígùn, mo so ìwọ̀ gidi oníyẹ̀ẹ́ sí i, kì í ṣe òwú. Èmi nìkan ni mo lọ sí adágún. Mo fẹ́ ju okùn bí mo ṣe ń jù ú, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n mọ̀ pé dókítà purọ́. Inú ń bí mi láti àná débi pé n ò wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá.

Ọ̀tún ló ti ń wá. Èjìká ọ̀tún ni mo sì gbé okùn gbà.

Èmi tí mo ti ń pariwo mọ́ àwọn olówó fún ogójì ọdún: "Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́! Ẹ wo afẹ́fẹ́ kẹ́ ẹ tó wo omi! Bó bá ti ọ̀tún wá, ẹ má gbé okùn gba ọ̀tún!" Apá mi dé ìlàjì, èjìká jáwọ́, okùn rọ̀, afẹ́fẹ́ gbé ìwọ̀ náà wá bá mi, ó wọ etí mi, ó yọ sí òdìkejì. Mo fi bẹ́ẹ̀ rìn wálé, ìyẹ́ pupa ń jó létí mi.

Netta ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí títí.

"Yẹtí tuntun lo lọ rà?"

Rhona ló yọ ọ́. Ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ẹ̀yìn ìwọ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kan gbì. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó da wisikí sí i, ó sì ní, "Ẹ ò wo afẹ́fẹ́, Bàbá."

Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. Mo ní, "Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ fún mi? Ìwọ tó o ju gbogbo ohun tí mo kọ́ ẹ nù sódò àwọn ará Norway? Ọwọ́ tí bàbá mi fi ń ju okùn ni mo fún ẹ. Mi ò ní ọmọ mìíràn. Mo fún ẹ, o sì lọ tà á fún apá kúkúrú!"

Ojú rẹ̀ pupa. Mo rò pé ó máa dá mi lóhùn, mo tilẹ̀ fẹ́ kó dá mi lóhùn. Ó kàn nu ìwọ̀ náà mọ́, ó fi í há ara fìlà mi.

"Ẹ lọ sùn díẹ̀," ló wí.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé yìí. Ajá nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Netta ní òun ò lè máa gbé láàárín ògiri méjì. Ó pe wá jókòó sí ilé ìdáná, ó gbé ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà síwájú wa, ó sì pa òwe: "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ bára yín lọ sí adágún báyìí, tàbí kí ẹ̀yin méjèèjì máa se oúnjẹ fúnra yín."

A lọ.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Èrèlé

Òjò yìnyín. Lónìí, Dáfídì kò já bọ́. N ò sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n mo jẹ ọ̀dùnkún.

Ọjọ́ kẹrin

Òwú kan ògiri òdìkejì adágún. Ẹ̀ẹ̀kan. Rhona ní ibẹ̀ jìnnà tó Àpáta Pupa. Mo ní ògiri kì í ṣe àpáta, adágún kì í sì í ṣàn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó dùn. Òsì fà, ọ̀pá tẹ̀, okùn lọ, gbogbo rẹ̀ kò gba ju kéèyàn mí ẹ̀ẹ̀kan. Èjìká mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan. Mo ti fi nǹkan yìí rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọjọ́ keje

Ó ti bàjẹ́ padà. Gbogbo àárọ̀ ni ìgúnpá mi ń ṣí. Bí mo bá ti rántí pé Dod máa wà níbẹ̀, apá mi á fẹ́ ròkè láti fi hàn án. Rhona ní, "Èèyàn méjì ló ń di ọ̀pá yẹn mú, Bàbá. Ẹ ní kí ọ̀kan lọ sílé." Mo ní kó fi ẹnu ọlọ́gbọ́n yẹn pẹja.

Epo ọkọ̀ tún ti gbówó lórí. Mo gbọ́ pé omi odò ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, ìyẹn dáa.

Ọjọ́ kẹwàá

Netta ti nu ife. Ó wà lórí tábìlì, ó ń dán.

Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe torí wisikí tàbí torí ojútì. Àga bàbá mi ni mò ń rí, àti ògiri tó kọjú sí.

Ọjọ́ kọkànlá, ọjọ́ ìṣíde

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí Dod má bàa sọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Òtútù gan, oòrùn díẹ̀. Gbogbo gílì ló wà ní Ibú Àpáta, láti òkè dé ìsàlẹ̀ odò, pẹ̀lú àwọn olówó mélòó kan tó wọ bàtà tuntun. Fèrè ìbílẹ̀ dún. Mo kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́: láti òsì, jẹ́ẹ́. Mo da wisikí sómi, mo mu tèmi, mo gbé ife fún Netta dì mú. Dod dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, bí ẹni tó wá gba ẹrù rẹ̀ ní ìdíkọ̀.

Mo wọ omi dé itan. Mo gbé ọ̀pá kúkúrú Rhona. Gbogbo wọn ti mọ̀, nítorí Dod kì í pa nǹkan mọ́ra, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i, kùn-ùn-kùn-ùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ní, "Yéè, inú mi o." Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀.

Òfin ò gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo fa okùn yípo, mo sì mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ pé apá mi ti ń gòkè, mo rí i bó ṣe ń gòkè, n ò lè dá a dúró. Ìgbà yẹn ni ohùn kan ké láti ẹ̀bá odò, ohùn tó jọ ti èmi fúnra mi tí mo bá ń pariwo mọ́ àwọn olówó:

"Bàbá! Dáfídì ń já bọ́ o!"

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ojú tì mí débi pé mo lẹ ìgúnpá mọ́ ìhà bí ọmọ ọdún méje tó ń rò ti ọ̀dùnkún, mo sì fi ìka mẹ́ta mi fa ìdí ọ̀pá wá sí ìdodo.

Okùn lọ. Ó tẹ́ lórí omi. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i, tó, ìwọ̀ kan Àpáta Pupa.

Kò sí ẹ̀rín mọ́. Netta gbé ife mọ́ àyà, ó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dod.

Ẹni tó bá ju okùn àkọ́kọ́ ló ń yan ẹnì kejì. Mo jáde lómi, mo na ọ̀pá sí Rhona. Ta ni ǹ bá tún nà án sí? Kò gbà á. Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó gbé ọ̀pá mi gígùn jáde, ti èmi, pẹ̀lú okùn gígùn, ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ pupa tó yọ létí mi ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wọ omi dé ibi tí mo dúró sí.

Ó gbé apá méjèèjì sókè. Díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọjá iwájú orí. Ó yí ara. Lókè pátápátá, kó tó ti apá síwájú, ó dúró díẹ̀, ìdúró kékeré kan tí n kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí, nítorí èmi gan-an ò mọ̀ pé mo ń ṣe é títí mo fi rí i lára rẹ̀. Bàbá mi ló ń dúró bẹ́ẹ̀. Okùn náà ròkè, ó kọjá odò, ó balẹ̀ tààrà sí ẹsẹ̀ àpáta.

Ọdún mọ́kànlá ní Norway. Kò tà á fún ẹnikẹ́ni.

Inú bí mi. Ta ló ní kó pa á mọ́ láìsọ fún mi? Ta ló ní kó jẹ́ kí n bú òun nínú ilé ìdáná, kó kàn máa nu ìwọ̀? Mo dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi níwájú gbogbo gílì odò Spey.

Dod bọ́ fìlà. "Wattie," ló wí, ó rọra sọ ọ́, "ọwọ́ bàbá ẹ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Dákẹ́."

"Ṣé afẹ́fẹ́ ló wọ ẹ lójú?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

Rhona jáde lómi, ó wá dúró síwájú mi, ó ń gbọ̀n, ó ń wo ẹnu mi bó ṣe máa ń wò ó lórí koríko iwájú ilé.

Mo ní, "Ìgúnpá ẹ ga jù."

Irọ́ ni mo pa.